Ẹran ọ̀sìn kékeré wo ló yẹ ọmọ ọdún 7?

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ kú déédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin òbí. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 7, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ẹranko kan tí òun yóò máa sìn nínú ilé. Ehoro ló wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí pé irun rẹ̀ múlọ́múlọ́, ó sì fẹ́ ohun tí òun lè máa gbé mọ́ra. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 3, ohunkóhun tí ó bá sì fọwọ́ kàn, ẹnu ni ọwọ́ náà ń lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ń gbé, a kò ní àgbàlá, èmi àti bàbá wọn a sì máa wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. A ti yọ ajá àti ológbò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní hamster, ẹranko kékeré onírun tó jọ eku, ló rọrùn jù, àwọn kan ní ẹja, àwọn mìíràn ní ìjàpá nítorí pé kì í pariwo, kò sì ní irun tí yóò gbọ̀n sílẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni ẹranko tí ọmọ lè bá wa tọ́jú dé àyè kan, tí kò ní pa á lára, tí òun náà kò sì ní pa lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Olùtọ́jú Ẹran

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìtọ́jú ẹranko ni iṣẹ́ mi, ehoro tí ọmọdé gbé ṣubú sì wà lára ohun tí a máa ń rí. Ehoro kì í fẹ́ kí ènìyàn gbé òun rárá. Nínú igbó, ẹni tí ó bá gbé ehoro kúrò nílẹ̀, pípa ló fẹ́ pa á jẹ. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti gbéra, ẹ̀rù á bà á, á sì máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta pá-pá-pá. Agbára ẹsẹ̀ méjèèjì náà ju èyí tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà lọ, débi pé bí wọn kò bá fi ọwọ́ gbé e nídìí dáadáa, ó lè fi títa ara rẹ̀ ṣẹ́ egungun náà, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ títí ayé. Ọmọ ọdún 7 tí ehoro ń họ lápá kò ní ṣe méjì, yóò jù ú sílẹ̀ ni. Ó sì lè lo ọdún 8 sí 12 láyé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọmọ yín lè ti kúrò nílé kí ehoro náà tó kú, kí ó sì ku ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti hamster, kíkéré rẹ̀ ló ń tan àwọn òbí jẹ. Òru ni ó ń ṣe gbogbo ìgbòkègbodò rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí ó fẹ́ bá a ṣeré, inú oorun ló wà, bí wọ́n bá sì jí i lójijì, eyín ni yóò kọ́kọ́ fi dáhùn. Kì í sábà gbé ju ọdún 2 sí 3 lọ. Bí ọmọ yín bá ti tó ọdún 12 tàbí 13 tí ó sì lè fara balẹ̀ dúró di alẹ́, èmi kì bá ní àtakò.

Èyí tí mo lè yàn fún irú ilé yín ni guinea pig, ẹranko onírun tí kò ní ìrù, tí ó máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílò 1 bí ó bá dàgbà. Ó máa ń jí lọ́sàn-án, kì í sábà gé ènìyàn jẹ, ó sì lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí itan ọmọ tí ó jókòó sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e dìde. Ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn nínú rẹ̀ jù ni ohùn rẹ̀. Bí ó bá ti mọ ìró ọ̀rá tí ẹ ń kó ewébẹ̀ sí, ẹ kàn fọwọ́ kan ọ̀rá náà, á na ọrùn, á fi ọwọ́ méjèèjì lé irin àgò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í han wíì, wíì, wíì títí ewé yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí àwọn tí ń tà á kì í sábà sọ. Gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn, ara guinea pig kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, ó sì nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 10 sí 30 lójoojúmọ́ fún kílò kan ara rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ, oríkèé rẹ̀ á wú, á máa tiro, eyín rẹ̀ á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ nídìí. Fífi fítámì náà sínú omi mímu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò nítorí pé kì í pẹ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Tàtàṣé tútù àti ewébẹ̀ ló dára jù. Koríko gbígbẹ gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, nítorí pé eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun láti máa hù, jíjẹ koríko ló sì ń gé e kù. Bákan náà, kò gbọ́dọ̀ dá gbé: ní orílẹ̀-èdè Switzerland, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti sin guinea pig kan ṣoṣo. Ẹyọ méjì ni ẹ máa rà, fún èyí tí ẹ̀yin kò ní sí nílé ní ọ̀sán pàápàá.

Ní ti iṣẹ́, ọmọ yín lè bù koríko, ó lè fọ ìgò omi, ó lè gé ewé. Ṣùgbọ́n fífọ àgò, wíwo ìdí àti èékánná wọn, àti mímọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn kò jẹun láti àárọ̀, tiyín ni gbogbo ìyẹn. Ẹranko tí àwọn mìíràn ń pa jẹ máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́, bí guinea pig bá sì ti kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, nítorí pé ìfun rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ síso. Ìjàpá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nítorí ọmọ ọdún 3 tí ẹ mẹ́nu kàn. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Salmonella máa ń wà nínú ìfun ìjàpá, aláǹgbá àti ejò láìjẹ́ pé ó ṣe wọ́n ní ohunkóhun, ara ẹranko náà á sì mọ́ tónítóní lójú. Bí ó bá wọ ikùn ọmọ kékeré, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ni yóò fà, nígbà mìíràn ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ka títa àwọn ìjàpá kéékèèké tí igbá ẹ̀yìn wọn kò tó íńṣì 4 léèwọ̀, nítorí pé àwọn ọmọdé ń ki wọ́n bọ ẹnu. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà má ṣe sin irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀. Wíwẹ ọwọ́ nìkan kò tó, nítorí pé kòkòrò náà á wà nílẹ̀ tí ìjàpá ń rìn àti nínú omi tí ẹ fi fọ ilé rẹ̀.

Àwọn ẹran onírun kò bọ́ lọ́wọ́ tiwọn. Guinea pig àti ehoro lè kó làpálàpá ran ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ikọ́ fée nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ máa mú un lọ sí ibi tí irú ẹranko náà wà, kí ó lo wákàtí díẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì wo bí mímí rẹ̀ ṣe rí. Eruku koríko gbígbẹ pàápàá lè dá ikọ́ náà sílẹ̀.

Asìnja

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Olùtọ́jú Ẹran sọ, ṣùgbọ́n èrò tèmi yàtọ̀. Ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni títí di ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ ọdún 3 sì wà níbẹ̀, ẹja ló yẹ ẹ́. Kò sí gígé jẹ, kò sí irun, kò sí ẹni tí yóò jù ú sílẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ẹja aláwọ̀ góòlù nínú abọ́ róbótó o. Ẹja yẹn lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kí ó sì lò ju ọdún 10 láyé bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Inú abọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń kú kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé. Ìgbẹ́ ẹja ló ń di amóníà nínú omi, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń sọ amóníà náà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn á wá sọ ọ́ di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Inú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi ni wọ́n ń gbé, ó sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣètò omi náà, kí ẹ fi oògùn pa kílóríìnì tí ó wà nínú omi ẹ̀rọ, kí ẹ máa fi bébà ìdánwò omi tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà wọn amóníà inú rẹ̀, kí ẹja tó wọlé.

Ẹja betta, ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère, kan ṣoṣo nínú táńkì onígíláàsì tó gba nǹkan bíi lítà 20 ti tó ọmọ. Ẹ má fi akọ méjì síbẹ̀, wọn yóò bá ara wọn jà. Omi tí ó fẹ́ kò gbọ́dọ̀ tutù, ó dára kí ó wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 28 lórí ẹ̀rọ ìwọnooru. Oúnjẹ àjẹjù ló sábà ń dá wàhálà sílẹ̀, torí pé ikùn ẹja náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyinjú rẹ̀ lọ, ọmọ ọdún 3 sì lè da odidi agolo oúnjẹ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbé agolo náà sókè. Iṣẹ́ ọmọ ọdún 7 pọ̀ níbẹ̀: òun ni yóò máa fún un ní wóró oúnjẹ, òun ni yóò máa ka àwọ̀ bébà ìdánwò omi, òun náà ni yóò sì máa bá yín wọn omi tuntun nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìjàpá ti kúrò níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹja lọ ọmọ náà, ó ní òun fẹ́ ohun tí òun lè fọwọ́ pa lórí, nítorí náà guinea pig ni ọkàn mi ń fà sí. Ṣé a lè mú akọ kan àti abo kan? Báwo sì ni àgò náà ṣe yẹ kí ó tóbi tó?

Olùtọ́jú Ẹran

Ẹ má mú akọ àti abo papọ̀, àfi bí wọ́n bá ti tẹ akọ náà lọ́dàá, tí wọ́n sì ti yà á sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn náà. Oyún wọn kì í ju nǹkan bí oṣù 2 lọ, abo kékeré sì lè lóyún kí ó tó pé oṣù 2 láyé. Abo méjì tí wọ́n ti jọ ń gbé tẹ́lẹ̀ ló rọrùn jù. Ẹni tí ń tà á lè pe akọ ní abo láìmọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó kó wọn pọ̀. Bí ilé ìdáàbòbò ẹranko bá wà nítòsí yín, ẹ béèrè àwọn tí ó ti dàgbà, torí pé ìwà wọn ti hàn, ọwọ́ ènìyàn á sì ti mọ́ wọn lára.

Fún àwọn méjì, ẹ wá àgò tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120, tí ìbú rẹ̀ sì tó 60. Ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, nítorí pé ilẹ̀ onírin a máa dá ọgbẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ fi ibi ìsápamọ́ méjì sínú rẹ̀, kí ọ̀kan má bàa lé èkejì jáde. Ooru tí ó bá ju ìwọ̀n 27 lọ lè pa wọ́n, nítorí náà ẹ má gbé wọn sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ní ti àbúrò, ẹ ra àgádágodo sí ilẹ̀kùn àgò náà, kí ó máa fọwọ́ kàn wọ́n nígbà tí àgbàlagbà bá dì wọ́n mú nìkan, kí gbogbo wọn sì wẹ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré pẹ̀lú. Kí ọmọ máa bá yín wọn àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọ̀kan bá fi gíráàmù 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí ó tilẹ̀ ṣì ń han wíì-wíì.