Ẹ gbà mí o: IPA wo ni kí n rà fún àlejò ọ̀la?

Àbẹ̀kẹ́SE15 (Ọjọ́ Ẹtì, 7:40 àárọ̀)
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àlejò ń bọ̀ lálẹ́ ọ̀la, wọ́n ní IPA nìkan ni wọ́n ń mu. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa bíà, zobo ni mò ń mu. Èwo ló dáa? Peckham ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá.

ỌmọBermondsey
Àbúrò, àfi bíi kéèyàn ní "ọbẹ̀ wo ló dáa?" Èèyàn mélòó? Èló lo fẹ́ ná? Wò ó, IPA, ìyẹn India Pale Ale, ni bíà tí họ́ọ̀pù pọ̀ nínú ẹ̀, òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lóde báyìí. Ọ̀kan mọ́ gaara, ó korò gan-an, ó ń rùn bí èèpo ọsàn àti oje igi páìnì: West Coast nìyẹn, California ló ti gbajúmọ̀. Èkejì rí bí omi ọsàn tí wọn ò sẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ korò, máńgòrò àti gúáfà ló ń ta sánsán lára ẹ̀: hazy nìyẹn, Vermont ló ti ṣẹ̀ wá. Tí o ò bá mọ ẹnu àlejò, hazy ni kó o gbé kalẹ̀. Wọ bọ́ọ̀sì 78, sọ̀ ní Tower Bridge Road, ya sí Druid Street, abẹ́ àfárá rélùwéè agbègbè yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí wà. Ilé ìpọntí Kernel ti wà ní Bermondsey láti 2009, ìgò tiwọn kì í dójú tini.

EwúroKíkorò
Jaipur ti ilé ìpọntí Thornbridge. 5.9%, ó ti wà láti 2005, súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà á. Ẹ má fi hazy yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu.

Pọ́ọ̀bùÌgúnpá
Ẹ kọ́kọ́ bi àlejò léèrè irú IPA tó ń mu. Greene King IPA náà ń jẹ́ IPA, kò tó 4%, kò sì jọ èyí tí ẹ̀ ń sọ yìí rárá. Orúkọ kan náà, ọtí ọ̀tọ̀.

Agolo12
Ẹ má jẹ́ kó ra hazy rárá! Agolo méjìlá, £1 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Síǹkì ni gbogbo ẹ̀ parí sí. Ó ti pọ́n bí tíì tó ṣá, ó ń rùn bí páálí tí òjò pa, ó wá ní adùn kan bí oyin tó ti pẹ́. Oṣù mẹ́rin ṣì kù lórí best before ẹ̀ o!

EwúroKíkorò
Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ.

FíríìjìLỌba
Best before kọ́ lọ̀rọ̀. Ọ́síjìn tó há sínú agolo nígbà tí wọ́n ń rọ ọtí sí i ló ń jẹ epo họ́ọ̀pù run, ooru ló sì ń tì í lẹ́yìn. Ìṣirò kan wà tí àwọn oníbíà máa ń lò: ọjọ́ 3 nínú ooru 32°C, ọjọ́ 30 ní 22°C, ọjọ́ 300 ní 3°C, ìbàjẹ́ kan náà ni. Agolo tí wọ́n kó sí yàrá ẹrù tó gbóná ní oṣù kẹjọ ti kú kó tó dé orí pẹpẹ. Hazy ló kọ́kọ́ ń fi hàn torí òórùn họ́ọ̀pù ni gbogbo ẹwà ẹ̀. Tí ìyẹn bá lọ, kí ló kù?

Agolo12
Ta ló wá ń rí inú agolo ní ṣọ́ọ̀bù?

FíríìjìLỌba
Yí ìdí ẹ̀ sókè. Tí wọ́n bá kọ canned on, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n rọ ọtí sí agolo, ṣe ìṣirò láti ibẹ̀: hazy kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló dáa jù. Tó bá jẹ́ best before nìkan, ilé ìpọntí mìíràn ń fún un ní oṣù mẹ́fà, òmíràn ń fún un lọ́dún kan gbáko, nítorí náà oṣù mẹ́rin tó kù tìẹ yẹn lè jẹ́ ọtí oṣù mẹ́jọ. Inú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù ni kéèyàn ti mú un, kì í ṣe orí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tó bá sì jẹ́ ìgò, aláwọ̀ ilẹ̀ ni kó o mú. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ìgò funfun àti aláwọ̀ ewé kọjá, ó ń ba họ́ọ̀pù jẹ́, bíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí igbó tí àwọn ọmọ ń fà.

Agolo12
£12 mi ṣì lọ.

PọntíFúnraẹ
Kí ló dé tí ẹ ò pọn tiyín? Fún lítà 20: bálì tí wọ́n ti mú hù (mọ́ọ̀tì) kílò 5, rẹ ẹ́ sínú omi 66°C fún wákàtí kan, sẹ́ ẹ, sè é fún wákàtí kan. Họ́ọ̀pù gíráàmù 25 ní ìbẹ̀rẹ̀ sísè fún ìkorò. Pa iná, jẹ́ kó wálẹ̀ dé 80°C, da gíráàmù 100 sí i fún ogún ìṣẹ́jú: òórùn nìyẹn, torí bí họ́ọ̀pù bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni ìkorò ẹ̀ ń jáde tó tí òórùn ẹ̀ sì ń bá ooru lọ. Mú un tutù dé 19°C kó o tó da yíìsì sí i. Tó bá wú tán, da họ́ọ̀pù gíráàmù 150 sí i láìsè, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Á bọ́ sí bíi 5.5%.

Àbẹ̀kẹ́SE15
Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ sà.

PọntíFúnraẹ
Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà. Ìgbà míì.

ỌkàBàbà88
Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní họ́ọ̀pù ni dandan. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà ni àwọn ilé ọtí wa yíjú sí. Àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ wa ti dán orógbó àti ewúro wò dípò họ́ọ̀pù náà.

PọntíFúnraẹ
Ìkorò nìkan ni orógbó lè fún yín, ẹ̀gbọ́n. Òórùn ọsàn àti máńgòrò ńkọ́?

ỌmọBermondsey (11:15 àárọ̀)
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Àbẹ̀kẹ́, agolo yòówù kó o rà, ọwọ́ tí o bá fi gbé e kalẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa rí lẹ́nu. Kó o sí fíríìjì lálẹ́ òní, ní ìdúró, má dá a dùbúlẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ họ́ọ̀pù lè sọ̀ sísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló máa ń ha èèyàn lọ́fun bí ìgbà tó gbé ata gbígbẹ mì. Fíríìjì ilé máa ń tó 4°C, ìyẹn tutù jù, òórùn ò ní jáde. Mú un síta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó o tó ṣí i, kó wà láàárín 7 sí 10.

Ife wáìnì ti tó, èyí tí ikùn ẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ há. Fi omi tútù ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, má sì fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún, torí ọṣẹ àti ọ̀rá ló ń pa ìhó, ìhó ló sì ń gbé òórùn wá bá imú. Tí o bá bu bíà sí i tí o rí èéhó kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ara ife nínú, ife yẹn ò mọ́. Dẹ ife sí ẹ̀gbẹ́, dà á wẹ́rẹ́ títí yóò fi tó ìdajì, gbé ife dúró, kó o da ìyókù sí àárín kí ìhó ẹ̀ tó ìka méjì. Fi díẹ̀ sílẹ̀ sísàlẹ̀ agolo.

Kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀ ná, kúkúrú, lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n mu ẹnu kan, kó yí ahọ́n ká, kí wọ́n gbé e mì, pa ẹnu dé, kí wọ́n mí síta nímú. Ibẹ̀ ni máńgòrò yẹn ti ń padà bọ̀. Ẹnu àkọ́kọ́ kì í gbọ́ ju ìkorò lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dájọ́ kó tó mu ẹ̀ẹ̀kẹta. Agolo 440ml kan, pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹ ó lè tọ́ oríṣi mẹ́ta wò. Hazy ni kó ṣáájú. Ahọ́n tó bá ti mu West Coast ò ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Omi àti búrẹ́dì lásán láàárín.

EwúroKíkorò
Ife, ife. Heady Topper, bàbá gbogbo hazy, àwọn tó ń pọn ọ́n gan-an kọ ọ́ sára agolo pé inú agolo ni kí ẹ ti mu ún.

ỌmọBermondsey
Torí òórùn ẹ̀ kó má bàa sá lọ ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o fi imú sí ihò agolo, kí lo gbọ́? Alumíníọ́mù.

ÌyáAláta
Kí lẹ máa sè? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Àbẹ̀kẹ́SE15
Jọ̀lọ́ọ̀fù àti sùyà, ma.

ÌyáAláta
Yájì pẹ̀lú IPA 7%? O fẹ́ pa wọ́n ni. Ọtí ń ru ata sókè, ìkorò ń fún un lágbára, ìhó á tún wá máa ta wọ́n lẹ́nu. Din dòdò tó pọ́n dáadáa sí i, adùn ẹ̀ ló máa fi ìkorò sí àyè ẹ̀.

Agolo12
Irọ́ ni, sùyà àti IPA bá ara wọn mu.

ÌyáAláta
Iyọ̀ àti ọ̀rá ẹran ló bá a mu, torí iyọ̀ ń pa ìkorò. Ata kọ́. Bu yájì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ bù ú.

FíríìjìLỌba
Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá ńkọ́? 440ml tó jẹ́ 6.5% sún mọ́ unit mẹ́ta, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọtí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Agolo kan kì í ṣe "bíà kan" lásán.

Àbẹ̀kẹ́SE15 (Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rà á. Mo bi àfẹ́sọ́nà mi, bàbá wọn ni àlejò, ará Suffolk ni wọ́n, wọ́n ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Èyí tí wọ́n ń mu ní pọ́ọ̀bù, Greene King ló wà lára ẹ̀. Mo ra ìgò mẹ́fà. Mo tún mú agolo hazy mẹ́ta, àwòrán ara ẹ̀ ló wù mí.

Pọ́ọ̀bùÌgúnpá
Mo sọ ọ́ láàárọ̀, ẹ̀ ń jà lórí páálí tí òjò pa.

EwúroKíkorò
Ìyẹn kì í ṣe IPA.

Pọ́ọ̀bùÌgúnpá
Ta ló bi ọ́? Hodgson, apọntí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń kó bíà rẹ̀ láti Bow lọ sí Íńdíà ṣáájú 1800, àwọn apọntí ìlú Burton gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1820 sí 1830 torí omi wọn ní gípsọ́mù, èròjà inú òkúta kan tó ń mú ìkorò gbẹ lẹ́nu. West Coast tí ẹ̀ ń fi yangàn ńkọ́? Sierra Nevada, ilé ìpọntí California, 1980 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn bíà àkọ́kọ́ ẹ̀. Lóòótọ́, ti Greene King ti rọ̀ ju ti ayé ọjọ́un lọ, bisikíìtì àti tíì ló ń rùn, kì í ṣe máńgòrò. Ohun tí bàbá fẹ́ nìyẹn.

ỌmọBermondsey
Àbúrò, nígbà náà gbàgbé 7°C tí mo sọ. Ìyẹn ò fẹ́ yìnyín, bíi 11 sí 13 ni. Mú un kúrò ní fíríìjì ní ìṣẹ́jú ogójì ṣáájú, ife páìǹtì ni kó o fi bù ú. Hazy mẹ́ta yẹn ńkọ́, kí ni wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́SE15
Mi ò wò ó o. Orí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló wà. £1 ni.

FíríìjìLỌba
Yé!

Agolo12
Ṣọ́ọ̀bù wo lo ti rà á?