Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, wọn ò jẹ́ kí n gbé ọmọ mi sáyà ní wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí mo bímọ, oṣù ẹ̀ ò pé, kílò 1.6 ló wọ̀n. Ó ti ń mí dáadáa, wọ́n ti yọ ọ́síjìn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí n wọlé, bàbá ẹ̀ gan-an, ojú fèrèsé ló ti ń wò ó, ó dùn mí wọra. Mo kà á pé láti 1978 ni wọ́n ti ń gbé irú ọmọ báyìí sáyà ìyá ẹ̀, ara kan ara, ní Bogotá ní Kòlóńbíà, àjọ WHO náà sì sọ ní 2022 pé kó tó wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Mo bẹ mátírọ́nù, ó ní torí kòkòrò àìsàn ni, mo ní màá fọwọ́ màá wọ gáànù, ó ṣì kọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n dákẹ́, kí wọ́n má lọ fi ìkanra tọ́jú ọmọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá a pàdé rí, àtẹ̀yin nọ́ọ̀sì, báwo ni kí n ṣe bá dókítà sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà, tí ò ní dìjà? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.