Ìgbà wo gan-an ló yẹ kéèyàn tan fúlù láìtì lálẹ́ l'Ékòó yìí?

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí sítíárìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìkòròdú ni mò ń gbé, kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ ilẹ̀ á ti ṣú, mo máa gba Third Mainland já s'Ọ́wọ́rọ̀, Alápẹ́rẹ̀, Kétu, Máìlì 12, kí n tó wá máa tọ títì lọ sílé. Orí bíríìjì ò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ tí n bá ti kọjá Máìlì 12, àwọn ibì kan wà tó ṣókùnkùn birimùbirimù, èèyàn á kàn ṣàdédé yọ lójú títì bí iwin, aṣọ dúdú lọ́rùn ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n máa tan fúlù, ìyẹn iná iwájú tó ń tàn jìnnà, pé ẹni tí ò ríran ló ń pààyàn. Ẹni tó kọ́ mi ní mọ́tò ní kí n má fọwọ́ kàn án nígboro láéláé. Tí mo bá sì tan án, àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì á máa ṣẹ́ láìtì sí mi ṣáá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Àwọn tó máa ń wá sẹ́yìn èèyàn tí wọ́n á wá tan gbogbo iná ayé sínú dígí àárín ńkọ́, kí lèèyàn ń ṣe fún wọn?

Dírẹ́bà Ẹ̀pẹ́
Àǹtí, ọkọ yín ò parọ́, ẹni tó kọ́ yín náà ò parọ́, ibi tí kálukú wọn ní lọ́kàn ló yàtọ̀. Ìgbà tí ò bá sí ẹnikẹ́ni níwájú ẹni ni wọ́n ń tan fúlù. Ẹ gbọ́ o, mi ò ní ìgbà tílẹ̀ bá ṣú. Mo ní tí ò bá sẹ́ni tó ń bọ̀ lódìkejì, tí ò sì sẹ́ni tẹ́ ẹ jọ ń lọ tó wà níwájú yín nítòsí. Èyí ìkejì yìí làwa ará Èkó ò kà sí rárá. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ ní kọ́nà, kí mọ́tò gan-an tó yọjú, ẹ ti díìmù, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ti dá a padà sí láìtì kékeré. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé tó bá ti ku fíìtì 500 sí ẹni tó ń bọ̀, bíi mítà 150 nìyẹn, o gbọ́dọ̀ ti díìmù. Third Mainland wá ńkọ́, bíríìjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 yẹn, ṣé ẹ ti rí ìgbà kan tó ṣófo? Ẹ gbàgbé fúlù níbẹ̀, iná títì tàn o, kò tàn o. Ṣómólú, Mushin, Agége, bákan náà ni.

Èmi tí mò ń ná ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tó bá ti di pé mo forí lé Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni mo ti ń lò ó, torí láìtì kékeré ò ríran jìnnà, bíi mítà 50, 60 ló mọ. Ẹni tó bá sì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tó jẹ́ ìwọ̀n eré tí òfin gbà fún mọ́tò kékeré lórí márosẹ̀, bíi mítà 28 ló ń jẹ ní sẹ́kọ́ǹdù kan péré. Kó o tó rí màlúù, kí ẹsẹ̀ tó dórí búréèkì, bíi ìdajì ilẹ̀ tó o rí ti lọ. Torí náà níbi tó bá ṣókùnkùn lọ́dọ̀ yín yẹn, tí mọ́tò ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè tan fúlù, eré ni kẹ́ ẹ dín kù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí ọkọ yín sọ.

Ọmọ Òṣòdì
Gírámà ti pọ̀ jù. L'Ékòó yìí, ẹni tó bá díìmù ni wọ́n ń fi láìtì fọ́ lójú. Tó ò bá díìmù fún mi, màá dá a padà fún ẹ, ká jọ fọ́jú.

Ìyá Ìbejì Sùúrùlérè
@Ọmọ Òṣòdì tẹ́ ẹ bá jọ fọ́jú tán, èmi tí mò ń sọdá lọ ra búrẹ́dì ńkọ́? 😂

Àbẹ̀kẹ́, má wo ojú iná yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni kó o wò, ìlà funfun tó wà létí títì, tí ò bá sí ìlà etí títì náà ni kó o máa tọ̀, kó o sì rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, torí ojú máa ń gbà tó sẹ́kọ́ǹdù mélòó kan kó tó padà sípò, tàwa àgbà sì ń pẹ́ ju tiyín lọ. Ní ti ẹni ẹ̀yìn, ohun kékeré kan wà nísàlẹ̀ dígí àárín, tí wọ́n bá ṣe é mọ́ tìẹ, tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ yẹn á rẹlẹ̀. Tó bá ṣì ń yọ ẹ́ lẹ́nu, yà fún un kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Tí òjò bá ń rọ̀ kíkan tàbí tí ọyẹ́ bá bo gbogbo ojú ọ̀nà, má tan fúlù o, ẹ̀kán òjò yẹn náà ló ń da iná padà sójú ẹni tó tan án, iwájú á kàn funfun báláú. Má sì rò pé ẹni tó ṣẹ́ láìtì sí ẹ ń ní kó o kọjá. Ohun tí dáńfó ń sọ ni pé "mò ń bọ̀, má jáde".

Ráwáyà Ládípọ̀
Púpọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ ń bú yẹn, fúlù kọ́ ni wọ́n tan o. Láìtì wọn ni ò dúró bó ṣe yẹ. Wọ́n á ra bọ́ọ̀bù LED, wọ́n á kì í bọ inú ilé láìtì tí wọn ò ṣe fún un. Ẹ wo bọ́ọ̀bù H4 tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ń lò, wáyà méjì ló wà nínú ẹ̀, 55 wáàtì fún díìmù, 60 fún fúlù, ibi tí wáyà yẹn wà ló ń pinnu ibi tí iná máa bọ́ sí lójú títì. Tí iná LED ò bá bọ́ sójú ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ó máa fọ́n káàkiri ni, ẹni tó ń wakọ̀ á rò pé òun ń gbádùn, ojú ẹni tó ń bọ̀ ti fọ́.

Àwọn mọ́tò Japan àti London tí wọ́n yí sítíárìn ẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún, láìtì wọn máa ń ga díẹ̀ lápá òsì kó lè tàn sí etí títì. Àwa ti kúrò lọ́wọ́ òsì láti April 2, 1972! Tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn tẹ́ ò pààrọ̀ láìtì, apá tó ga yẹn, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa lọ bá. Tí n bá sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà, wọ́n á ní owó ni mò ń wá.

Ẹrù náà ń ṣe é. Tí búùtù bá kún, ìdí mọ́tò á rẹlẹ̀, imú á gbé sókè, láìtì á tẹ̀ lé e. Àwọn mọ́tò kan ní ohun tí wọ́n ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, 0 sí 3 ni wọ́n kọ sí i, bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ lẹ máa yí nọ́ńbà ẹ̀ sókè, iná á wálẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ìkòròdú
Ẹ ṣé gan-an ni o. Ẹ̀gbọ́n ráwáyà, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi dúró dáadáa?

Ráwáyà Ládípọ̀
Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú kẹ́ ẹ kọjú mọ́tò sí ògiri, bíi fíìtì 25 sí i, kẹ́ ẹ tan díìmù. Lápá òsì yín, òkè ìmọ́lẹ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí láìtì fúnra ẹ̀ wà lọ. Ẹ wò ó pé táyà ò yọ̀ o. Tí àmì búlúù bá ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú yín, fúlù nìyẹn. Tí ojú láìtì bá sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó ra bọ́ọ̀bù tuntun.

Ọmọ Òṣòdì
Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà yẹ tèmi wò?

Ráwáyà Ládípọ̀
Yíyẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ LED ló wà níbẹ̀, mú bọ́ọ̀bù àtijọ́ ẹ dání wá.