Iná iwájú ọkọ̀ mi ń wolẹ̀ jù: ṣé kí n ra gílóòbù mìíràn ni?

Àlàdé, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Toyota Camry ọdún 2005, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ni mò ń wà. Bí mo bá tan dímù lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í jìnnà sí bọ́ńpà. Ọ̀dà tó wà níbẹ̀ á mọ́lẹ̀ rekete, ohun tó kù níwájú á sì ṣókùnkùn biribiri. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àfi tí mo bá tan fúlù ni mo fi lè tètè rí tírélà tó bàjẹ́ sójú títì láìní iná lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ fúlù ọ̀hún ń gún àwọn tó ń bọ̀ lójú. Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀kadà kan ló gbá ọkọ̀ náà níwájú, pánẹ́lì-bítà tún un ṣe, ó sì pààrọ̀ iná méjèèjì. Láti ìgbà náà ló ti rí bẹ́ẹ̀. Rewáyà ní kí n ra gílóòbù LED nítorí pé ó mọ́lẹ̀ ju èyí lọ. Owó rẹ̀ kò kéré, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí n tó ná an.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú owó yín dání ná. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù kò lè gbé orí iná sókè. Ibi tó ń wò náà ni yóò máa wò, ọ̀dà iwájú bọ́ńpà nìkan ni yóò túbọ̀ mọ́lẹ̀, ojú yín yóò sì tún ṣòro láti ríran nínú òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọn iná náà.

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú níwájú ògiri. Kí atẹ́gùn táyà pé, kí ẹrù má sí nínú búùtù, kí ẹnìkan sì jókòó sí àyè awakọ̀. Ẹ wọn gíga àárín iná kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù sàmì sí gíga kan náà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa ọkọ̀ sẹ́yìn títí iná yóò fi jìnnà sí ògiri ní mítà 10, kí ẹ sì tan dímù. Etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà yẹ kó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ téèpù. Tí iná yín bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 65, tó sì wà níbi tó yẹ, ìmọ́lẹ̀ á dé nǹkan bíi mítà 65 kó tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kò ní dé mítà 22. Ẹni tó ń sá eré kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan ń rin mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, nítorí náà, ẹ ó ti kan tírélà náà kí ẹsẹ̀ yín tó dé bíréèkì.

Bàbá Ìbejì

Ọ̀rẹ́ mi Mẹkáníìkì, èmi fi LED sí tèmi, mo sì ń ríran dáadáa. Kò yẹ ká máa fi LED dẹ́rù ba ènìyàn.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá

Bàbá Ìbejì, n kò bá yín jiyàn pé ẹ ń ríran. Àwọn tó ń pàdé yín lọ́nà ni kí ẹ bi. Wáyà kékeré tó ń tàn nínú gílóòbù àtijọ́ ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe abọ́ dídán tó wà nínú ilé iná. Tí orísun ìmọ́lẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ síbòmíràn, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri. Ọ̀pọ̀ LED olówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tèmi, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ Yúróòpù. Bọ́tìnnì kan sábà máa ń wà nítòsí sítíárìn, tí wọ́n kọ 0 dé 3 sí. Ẹni tó bá kó ẹrù sẹ́yìn ló ń yí i lọ sí 2 tàbí 3 kí iná lè wálẹ̀. Bó bá jẹ́ awakọ̀ nìkan ló wà nínú ọkọ̀, 0 ló yẹ kó wà. Mo ti rí ọmọdé tó fi í ṣeré dé 3 láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ mọ̀. Níbí, wọ́n máa ń yẹ ibi tí iná ń wò wò nígbà àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, ọkọ̀ tí tirẹ̀ kò bá sì dọ́gba kò ní yege.

Ẹ tún wo iná tí pánẹ́lì-bítà rà, Àlàdé. Tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ tó ní sítíárìn lápá ọ̀tún, bíi ti ibí tàbí ti Jàpáànì, apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń gbéra sí. Ní Nàìjíríà, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni apá òsì yẹn, etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún yín á sì ṣókùnkùn.

Àlàdé, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n lára ògiri ilé wa. Apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ náà ti gbéra díẹ̀, nítorí náà iná náà kì í ṣe ti sítíárìn ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ti òsì wà ní sẹ̀ǹtímítà 28 sísàlẹ̀ téèpù, ti ọ̀tún sì wà ní 35. Mo rí síkúrù tí wọ́n fi ń yí i lẹ́yìn ilé iná nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti òsì gbọ́ràn, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tó yẹ. Ti ọ̀tún ń yí lásán ni, ìmọ́lẹ̀ kò mira rárá. Fúlù rẹ̀ pẹ̀lú wolẹ̀.

Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá

Bí fúlù àti dímù bá jọ wolẹ̀, ẹ̀bi gílóòbù kọ́. Odidi abọ́ náà ló tẹ̀ síwájú. Ẹ tú bọ́ńpà, kí ẹ yọ iná ọ̀tún, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Róbótó oníke kan wà ní ẹnu síkúrù yẹn, tó wọ inú ihò tirẹ̀ lára abọ́. Bó bá ti yọ, ẹ lè tì í padà kó ró “páàkù”. Bó bá kán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí ooru iná àti kòtò ọ̀nà wa kò ní jẹ́ kó pẹ́. Ẹ lọ wá iná mìíràn ní Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Gate n'Ìbàdàn. Kí ẹ tó san owó, ẹ yí síkúrù rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì rí i pé abọ́ inú ń mira. Ẹ tún wo irin tí ilé iná so mọ́. Tó bá ṣì wọ́ láti ìgbà tí ọ̀kadà gbá a, kí pánẹ́lì-bítà nà án padà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni.

Tí ẹ bá ti tò ó pọ̀, ẹ tún un wọ̀n níwájú ògiri, kí ẹ fi aṣọ bo iná òsì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè rí ti ọ̀tún nìkan. Bí àwọn tó ń bọ̀ bá ń ṣẹ́ fúlù sí yín lálẹ́ nígbà tó jẹ́ dímù ni ẹ tàn, ẹ dá síkúrù padà ní ìdajì yíyí kan.