Ta ló ń takìtì nínú omi?

Ẹ̀yin ará ilé èdè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti ìgbà tí àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní London ló dá a sílẹ̀. Ó ń kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní Yorùbá fún àwọn tọkọtaya tó fẹ́ wá sinmi nílé, ó wá bi wá ohun tí òun máa pe omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú ooru lára, àti àwọn ènìyàn tó ń jí ní kùtùkùtù torí àtiwo ẹyẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àbá ti pọ̀ bí eṣú. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní “ìtàkìtì omi” ló tọ́. Ẹlòmíràn ní “ìṣàn omi” ni ká máa wí. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká kúkú pe gbogbo rẹ̀ ní “olúmirìn”, orúkọ omi tó ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí oníkálukú lọ sùn.

Oṣù tó kọjá ló pé ọgbọ̀n ọdún tí èmi àti baálé mi ti jọ wà. Àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ní ká lọ fara balẹ̀ síbì kan. Mo ní bí a óò bá lọ, ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an la óò lọ. Bí a ṣe gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dé Ipole-Iloro nìyẹn, tí a sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Ikogosi, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Mo kọ gbogbo àbá yín sínú ìwé kékeré kan, mo sì ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Baálé mi ní àṣé bí tíṣà bá fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn nìkan ló ń tì.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìtàkìtì bẹ̀rẹ̀. Ní Ipole-Iloro, níbi tí omi Arinta wà, mo rí ìyá kan tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Níbo la máa gbà dé ibi ìtàkìtì omi?” Ìyá wò mí, ó wo baálé mi, ó ní, “Ta ló ń takìtì nínú omi? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì yìí ni?” Baálé mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí àpótí ọ̀gẹ̀dẹ̀ onílé.

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu akéwì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá takìtì, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yí gba òkè, á sì tún fẹsẹ̀ balẹ̀. Eégún onídán ń ṣe é, ọmọdé ń ṣe é lórí iyanrìn. Omi kì í yí ara rẹ̀ po bẹ́ẹ̀. Ó kàn já ni, ó já, ó ń já lọ. Bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí bá gbọ́ “ìtàkìtì omi”, ènìyàn ló máa wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe omi.

“Ìṣàn omi” kò gbà mí lásìkò rárá. Odò Ògùnpa ń ṣàn, Ọya ń ṣàn, gọ́tà ẹ̀yìn ilé mi pàápàá ń ṣàn bí òjò bá rọ̀. Bí gbogbo omi bá ti ń ṣàn, kí la wá torí ẹ̀ gun òkè?

Èmi ní tèmi mú “ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀” lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, omi òjò tó ń ti etí òrùlé páànù dà wálẹ̀, tí ìyá wa máa ń ní ká sáré gbé bàsíà sí lábẹ́. Mo ní, “Ìyá, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àpáta là ń wá.” Ìyá kọ́kọ́ gbójú sókè wo ojú ọ̀run, ó ní òjò ò sáà tíì rọ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé èmi náà ti fìdí rẹmi, mo ti ń wá ibi tí mo máa fi ojú sí. Àfi bó ṣe fi abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná nàka sókè, tó ní, “Àbí Arinta lẹ ń sọ? Ẹ̀ẹ́n, òótọ́ ni o, bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ṣe ń dà.” Kò bi mí ní ìtumọ̀. Èmi ò sì sọ pé mo jẹ gbogbo máàkì, torí ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ohun tí a kó lọ, òun nìkan ló dé ọ̀dọ̀ Ìyá láìṣe pé mo ṣàlàyé.

Mo ti mọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n máa wí: pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kéré jù, pé báwo lèèyàn ṣe máa fi omi etí páànù pe èyí tó wà láàárín Sáńbíà àti Sìǹbábúè, tó ga tó nǹkan bí mítà 108. Ẹ wò ó, odò lẹ ń pe èyí tí ọmọdé ń fò kọjá, odò náà lẹ sì ń pe Ọya. Ìtóbi kọ́ ló ń sọ nǹkan lórúkọ ní èdè wa. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an kò fi gíga rẹ̀ pè é: Mosi-oa-Tunya ni wọ́n ń pè é, èéfín tó ń sán bí ààrá. Kò sí omi nínú orúkọ yẹn rárá. Ohun tí ojú rí lókèèrè àti ohun tí etí gbọ́ ni wọ́n sọ. Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ibẹ̀ ní 1855, ó fi orúkọ ọbabìnrin rẹ̀, Victoria, bò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé ní 1989, orúkọ méjèèjì ni wọ́n kọ, ti onílẹ̀ ló sì ṣíwájú.

Ó ku “olúmirìn”. Ẹni tó dá a lábàá fi Iceland ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ sì dára: ìsun omi kan ṣoṣo ló ń jẹ́ Geysir níbẹ̀, òun ni gbogbo ayé wá fi ń pe gbogbo omi gbígbóná tó ń tú sókè láti inú ilẹ̀. Èéṣe tí àwa náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo bi ọmọkùnrin tó mú wa rìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ó dúró lórí òkúta, ó ní, “Mọ́mì, ibí yìí nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o.” Ó sì sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ fún wa, pé Akinla, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà nígbà tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí, pé ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní Olú mìíràn rèé. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ìyanu bí ni, wọ́n sì ń bọ ọ́. Bí a bá wá ń sọ pé “olúmirìn Niagara”, ó dà bí ìgbà tí a bá ń pe Thames ní Ọ̀ṣun London. Èmi ò ní í bá yín sọ ọ́.

(Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yẹn pé ìpele méje. “Sítẹ́ẹ̀pù” ni ọmọkùnrin náà ń pè é. Ẹ má bi mí nípa ìpele kẹta sókè, orúnkún mi kò dé ibẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ikogosi, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwa tí à ń jà lórí bóyá ká pe omi tó ń sun pẹ̀lú ooru ní “gbígbóná” ò tíì fọwọ́ kan omi náà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò ni pé ó gbóná tó 70 ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì níbi tó ti ń sun, pé ó di 37 níbi tó ti pàdé omi tútù. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀n ọ́n ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tó ti ń yọ láàárín àpáta, kọ nǹkan bí 38 ní tiwọn. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi wà lára mi títí di òní.

Ilé ìkómọ ni kí ẹ ti wò ó. Omi méjì ni ìyá àgbà máa ń gbé kalẹ̀. Ti abiyamọ, tí wọ́n fi aṣọ tẹ̀ mọ́ ọn níkùn títí yóò fi pariwo, gbígbóná nìyẹn. Ti ọmọ tuntun, tí ìyá àgbà kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán wò, lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìyẹn. Omi ọmọ tuntun ló wà ní Ikogosi. Nítorí náà, “ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́” ni kí àbúrò wa kọ, kó má dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ wá. Ẹni tó ní ká fi nọ́ńbà gé e, kó wo Japan: òfin tí wọ́n ṣe ní 1948 ní omi tó bá ti jáde nínú ilẹ̀ ní 25 sókè, onsen ni, ìyẹn ìsun omi gbígbóná ní èdè tiwọn. Ní Èkó, bí o bá gbé omi 25 fún ẹni tó ní òun fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀, yóò dá a padà fún ọ.

Ẹ má fi “orísun” dípò “ìsun” náà. Orísun ti di ibi tí nǹkan ti wá, orísun owó, orísun ìjà. Ìsun ṣì tutù. “Sẹ́lẹ̀rú” tún dára ju méjèèjì lọ fún ẹni tó gbọ́ ọ, àwọn tó ń kì Ọ̀ṣun kò sì gbàgbé rẹ̀: sẹ́lẹ̀rú àgbo, àgbàrá àgbo. Ọmọkùnrin tó mú wa rìn ní Ikogosi kò mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí.

Ọ̀kan tó bà mí lẹ́rù nínú àbá yín ni “agbára ilẹ̀ gbígbóná”, fún ooru tí wọ́n ń fà jáde láti abẹ́ ilẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí àwọn bàbá wa ń fi ilẹ̀ gbígbóná pè? Ṣọ̀pọ̀ná ni! Wọn ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ìbá sá kúrò nílé bí mo bá ní agbára ilẹ̀ gbígbóná ń bọ̀ wá tan iná fún wa. “Ooru abẹ́ ilẹ̀” tó gẹ́ẹ́, òótọ́ náà sì ni: kò sí òkè tó ń yọ iná ní Ikogosi, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún lomi ti ń rí ooru kó tó gba àárín àpáta gòkè.

Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé ni kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, òun ló sì dùn jù. Ènìyàn á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́, á fi tòsì sínú tútù, wọ́n á jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ní ìyàwó ọkọ kan náà ni wọ́n, òkè ni ọkọ wọn, ọ̀kan gbóná lára, ọ̀kan tutù. “Omi orogún” ni baálé mi sọ, kò tiẹ̀ ronú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún un pé orí omi ni kí ọ̀rọ̀ orogún mọ.

Ó wá ku ẹyẹ. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò lórí “aṣọ́ẹyẹ”. Mo sọ fún ọmọkùnrin Ikogosi náà pé aṣọ́ẹyẹ ni wá. Ó ní, “Oko ìrẹsì ta ni?” Ó tọ̀nà! Ní ilẹ̀ Èkìtì tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì Igbemo, ọmọ tó mú kànnàkànnà, tó ń lé ẹ̀gà, ló ń ṣọ́ ẹyẹ. “Awòẹyẹ” wá ńkọ́? Ẹ pè é kíákíá, yóò di “awẹyẹ”, ẹni tó ń wẹ̀ fún ẹyẹ. Òǹwòran ẹyẹ ni mo fara mọ́, torí ìran náà ni wọ́n wá wò.

Ìran ọ̀hún pọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹyẹ ńlá kan bà sórí igi lókè ilé wa, ó dúdú bí aró, ó ní ìdì ìyẹ́ lórí. Baálé mi ní agbe ni. Ọmọkùnrin náà ní píkọ́ọ̀kì ni. Mo ní kí wọ́n bi òwe: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Òwe yẹn ni ìwé àwòrán ẹyẹ àkọ́kọ́ tí mo kà. Bí o bá ti mọ aró yàtọ̀ sí osùn, o ti mọ ẹyẹ méjì. Ní ti píkọ́ọ̀kì, Íńdíà ni ilé èyí tó ń tẹ́ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, nítorí náà ẹ yé sọ fún ọmọ yín pé òun ni ọ̀kín. Àwọn ọmọ Ọlọ́fà ti ń jẹ́ Ìyèrú Ọ̀kín tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó píkọ́ọ̀kì wá sí ọgbà ilé ìtura.

Àbúrò wa tún bèèrè ìsinmi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ẹnì kan sì dá a lóhùn pé “oṣù oyin”. Oyin wo? A ní ìyàwó ọ̀sìngín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ “ìrìn ọ̀sìngín”. Tiwa tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ bá wa wá orúkọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun bọ̀ fún yín, ó ti le díẹ̀. Ìyá yẹn ní kí n bá òun kí ẹni tó ń takìtì.