Lexus RX 450h tí àbúrò mi fi sílẹ̀: táyà wo ni kí n rà, àbí kí n tà á?

Ìyá Àdùkẹ́ (Bódìjà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ló kó lọ sí Kánádà, ó wá fi jíìpù Lexus RX 450h ọdún 2011 rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Corolla ni mo mọ̀. Mo mọ igbe rẹ̀ tó bá ń ṣàìsàn. Eléyìí kì í ké. Mo máa tẹ bọ́tìnnì, READY á tàn, gbogbo ilé á dákẹ́, ọkọ̀ á sì máa lọ.

Aládùúgbò mi kan ti fi ẹ̀rù bà mí. Ó ní bátìrì tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn máa kú lọ́jọ́ kan, àti pé owó rẹ̀ á ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà.

Ọ̀rọ̀ táyà ló gbé mi wá síbí gan-an. Ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Mẹ́ta yòókù kò tíì dán. 235/60R18 ló wà lára wọn. Fọkanáísà àdúgbò wa ní kí n fi tòkunbọ̀ kan rọ́pò èyí tó wú: "Jámánì ni, màmá, ó le ju tuntun lọ." Ọmọ mi ọkùnrin ní tirẹ̀ ní ká kúkú gbé ríìmù 20 sí i, kó lè "bá a mu". Kó bá kí ni mu? Ọjà Bódìjà ni mò ń lọ.

Ẹ bá mi dá a. Ẹyọ kan, méjì, àbí mẹ́rin? Kí ni mo sì gbọ́dọ̀ máa mójú tó kí bátìrì yẹn má kú mọ́ mi lọ́wọ́? Inú Ìbàdàn ló ń gbé, àfi tí mo bá lọ wo ìyá wa l'Ọ́yọ̀ọ́.

Alhaji Ìwó Road

Ẹ tà á, Alhaja, ẹ ra RX 350, èyí tó ń lo epo nìkan. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ò lè ṣí kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ yìí.

Akin Wáyà (Ògbà, Èkó)

Ẹ káàsán mà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Alhaji, ẹ má tà á. Háíbíríìdì, ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnì elépo pẹ̀lú mọ́tò oníná bíi tiyín, ni iṣẹ́ mi: RX 400h, 450h, Highlander, Camry. Ohun tó ń pa wọ́n nílẹ̀ yìí kì í sábà jẹ́ ọjọ́ orí.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì ńlá yẹn. Fóòtì 288 ni, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Fáànù kan ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti fi tù ú lára, ojú ihò tó ń gbà fà á sì wà nísàlẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí gìgísẹ̀ èrò ẹ̀yìn máa ń wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó. Àìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé ọ̀kan wá tí wọ́n ti ń bá oníbàárà dúnàádúrà owó bátìrì tuntun. Mo tú fáànù rẹ̀ síta: irun atáṣímẹ́ǹtì, èèpo ẹ̀pà, ìdérí báírò, eruku tó ti di ẹ̀gbọ̀n òwú. Abẹ fáànù ò lè yí. Mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà, mo pa kóòdù àṣìṣe rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọkọ̀ ń lọ dòní. Nítorí náà, ẹ má to àpò gààrí síbẹ̀. Tí oòrùn bá mú, ẹ tan AC. Afẹ́fẹ́ tó ń tu ẹ̀yin lára náà ló ń tu bátìrì. Ẹni tó pa AC tó ṣí fèrèsé nítorí àtifi epo pamọ́, bátìrì ló ń fi san án. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó lóṣù lóṣù láìwà á.

Ìkejì ni ínfátà. Òun ló ń gbé iná 288 yẹn lọ sí bíi 650 fún mọ́tò tó ń yí táyà. Ó ní omi ìtutù tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ́ńjìnì, ó sì ní páǹpù kékeré oníná tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ̀ pé agolo kejì yẹn wà. Wọ́n á kún ti ẹ́ńjìnì, wọ́n á pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Kólàǹtì píńkì tí Toyota ń lò ni kí ẹ fi sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ẹ̀rọ sí i.

Ohun kan tí ẹ lè fi mọ ẹni tó mọṣẹ́: ọkọ̀ yìí kò ní sítátà, kò ní átánétọ̀. Rewáyà tó bá ní átánétọ̀ yín ti bàjẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ máa lọ. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó nípọn, ẹni tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́ iná tí kò sì kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì ààbò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ń pànìyàn.

Tí gbogbo iná dáṣíbọọ̀dù bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì kékeré, ti fóòtì 12. Tí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹ́ńjìnì, 0W-20 ni ọ́ìlì rẹ̀. Pádì bíréèkì máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, torí mọ́tò ló kọ́kọ́ ń dá eré rẹ̀ dúró, tó ń dá iná padà sí bátìrì.

Tó bá kú lójú pópó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé imú rẹ̀ sókè kí wọ́n máa fi táyà ẹ̀yìn wọ́ ọ. Tó bá jẹ́ AWD, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára, mọ́tò oníná kan wà lẹ́yìn lọ́tọ̀, kò sí ṣáàfù tó so ó mọ́ iwájú. Bí táyà ẹ̀yìn bá ṣe ń yí ni mọ́tò yẹn ń yí. Ọkọ̀ ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ ni kí wọ́n fi gbé e. Táyà, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á.

Táyà Challenge

Ẹ kú ojúmọ́ mà. Èmi ni mò ń tà á. Ẹ má sọ fún fọkanáísà yín pé èmi ni mo sọ eléyìí.

Tòkunbọ̀, rárá. Ó wà lára ohun tí ìjọba fòfin dè pé wọn ò gbọ́dọ̀ kó wọ Nàìjíríà, ẹ sì rí bó ṣe kún ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ gbígbóná gbẹ́ ìlà rẹ̀ kó lè jìn, tí wọ́n á wá fi oje dúdú kùn ún kó máa dán. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú díẹ̀, ẹ máa rí àwọn sísán wẹ́wẹ́.

Ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tí ẹ ò bá rí i níta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú. Àjọ SON tó ń mójú tó ìdíwọ̀n ọjà àti FRSC ti ojú pópó ti ń pariwo tipẹ́ pé ọdún mẹ́rin ni táyà ní nílẹ̀ yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á o. Láyé tí bàbá mi ń ta táyà, Dunlop ń ṣe é n'Íkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin tì ní 2007, Dunlop náà ṣíwọ́ ní 2008. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èyí tó pọ̀ jù wá báyìí, lẹ́yìn náà á tún sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Torí náà, tuntun inú ọ̀rá lè ti lo ìdajì ayé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó fa pọ́ọ̀sì yọ.

Lẹ́yìn 235/60R18, ẹ wò ó bóyá 103H tàbí 103V ló tẹ̀ lé e. 103 ni ẹrù: kílò 875 lórí táyà kan. 100 jẹ́ 800 péré. Ọkọ̀ yín lé ní kílò 2,000 kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, nítorí bátìrì àti mọ́tò yẹn, ó wúwo ju RX 350 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ta èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ rẹlẹ̀ fún yín ní "sáìsì kan náà ni", sáìsì ló rí, kò rí ẹrù. H tàbí V ni eré. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sáré 210, ṣùgbọ́n táyà tó lè sá a ń fara da ooru dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá Temperature: A ni kí ẹ mú, ẹ fi C sílẹ̀.

Ríìmù 20 ńkọ́? Lórí 18 yín, ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó mílímítà 141. Lexus náà gbé ríìmù 19 sí òmíràn nínú ọkọ̀ yìí, 235/55R19, ìyẹn 129. Tí ẹ bá gun 20, á tún dín sí i. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gba kòtò fún ríìmù. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́ ríìmù ní Challenge irú ríìmù tó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ jù.

Iye tí ẹ máa rà, mo fẹ́ mọ ọjọ́ orí mẹ́ta tó kù ná.

Ìyá Àdùkẹ́ (Bódìjà)

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti gíláàsì ojú mi. Mẹ́ta jẹ́ 1816. Èyí tó wú jẹ́ 4013! Ọdún tí àbíkẹ́yìn mi wọ Yunifásítì ni.

Akin, ihò yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tí àbúrò mi rà ló bò ó pátápátá, mo ti gé e kúrò. Ó kù kí n fi súnkà, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, fa èyí tó wà nínú.

Ọ̀nà ilé wa burú. Ṣé kí n ra èyí tí ìlà rẹ̀ gbàgbà, bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pàá?

Táyà Challenge

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mà. 1816 kò ní ohun tó ń ṣe lábẹ́ yín mọ́, kódà bí kò bá tíì dán. Tí owó ò bá tíì pé, ẹ má gbé e lọ Ọ̀yọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì. 450h ni mo ń wà níbí. Ẹ má ra onílà gbàgbà yẹn. Mo gbé e sí i rí torí oko ọ̀rẹ́ mi kan: epo tí ọkọ̀ ń jẹ lọ sókè, ariwo sì dé. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá pa lójú títì, tí ọkọ̀ ń fi iná nìkan rìn, táyà nìkan lẹ máa gbọ́, húùùù, látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní touring ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń fa omi òjò dáadáa. Níbí, lẹ́yìn gbogbo máìlì 5,000, bíi kìlómítà 8,000, ni a máa ń pààrọ̀ ti iwájú sí ẹ̀yìn kí wọ́n lè jẹ́ bákan náà.

Akin Wáyà (Ògbà, Èkó)

Màmá, súnkà lásán ò ní tó fún fáànù yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbé táyà sí i: ọ̀pọ̀ 450h tó wá láti Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka afẹ́fẹ́, ìdí fáàfù ló wà nínú ríìmù. Ẹ sọ fún fọkanáísà kó tó ki irin bọ̀ ọ́, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìnnà sí fáàfù. Tó bá fọ́ ọ, iná táyà ò ní kú lórí dáṣíbọọ̀dù mọ́. Iye afẹ́fẹ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná. Tí fọkanáísà bá ní "40 ló dáa fún jíìpù", ẹ fi bébà yẹn hàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè dojú kọ ọ̀nà tààrà, ọjọ́ kan náà.