Báwo ni a ṣe ń rí coefficient of friction láti inú iṣẹ́ àti ìjìnnà?

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ìdánrawò tí mo fi ń múra WAEC, wọ́n fi okùn tó fi igun dígírì 30 gòkè láti ilẹ̀ fa àpótí kìlógíráàmù 20 lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún mítà 8, eré rẹ̀ kò yí padà, iṣẹ́ tí okùn náà sì ṣe jẹ́ joule 480. Wọ́n ní ká wá coefficient of friction, ìyẹn iye tí a máa rí bí a bá fi agbára tí àpótí fi ń tẹ ilẹ̀ pín friction (agbára ìfarakanra tí ilẹ̀ fi ń dá àpótí dúró).

Mo pín 480 sí ọ̀nà 8, mo rí newton 60, èyí tí ó yẹ kó bá friction dọ́gba níwọ̀n ìgbà tí eré kò yí padà. Nígbà tí mo pín 60 yìí sí ọ̀nà 200, tí í ṣe ìwúwo àpótí ní newton, 0.30 ni mo rí, ṣùgbọ́n 0.36 ni ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé. Mo lo 9.8 dípò 10 fún g (ìwọ̀n òòfà ilẹ̀ tí a fi ń ṣírò ìwúwo), ó kàn di 0.31 ni.

Igun yẹn ni mo fura sí. Ṣé bí okùn ṣe ń gbé àpótí sókè díẹ̀ ló ń dín bí ó ṣe ń tẹ ilẹ̀ kù? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí n ó yọ kúrò nínú 200 náà, nígbà tí wọn kò sọ agbára tí wọ́n fi fa okùn, àfi iṣẹ́ àti ìjìnnà nìkan?